Páálí Tí Bàbá Mi Fi Wọn Tẹlifíṣọ̀n

Wọ́n wá ní èmi ni mi ò mẹ́nu dúró! Èmi! Wọ́n ti sọ ọ́ káàkiri ẹbí pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ní mo dójú ti ìyá tó bí mi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n lásán ni wọ́n ní ká jọ sọ, ìgbà wo la máa rà á, báwo ló ṣe máa tóbi tó, èmi wá lọ tú àṣírí obìnrin síta. Ó dáa. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ kàn ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlẹ́nu, ẹ jókòó. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, wọ́n ní kò lè ní àkísà bí àgbà. Mi ò tíì pé ogójì ọdún, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n nílé wa ní Mákun yìí, ọwọ́ mi ni gbogbo àkísà ẹ̀ wà.

Àti pé, ta ló tiẹ̀ yẹ kí wọ́n bi? Èmi ni mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìjókù. Èmi ni mò ń tú tẹlifíṣọ̀n palẹ̀ tí mò ń tò ó padà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Èyí tó kú lára ẹ̀ ni mo fi kọ́ èyí tó yè, iná sì ti gbé mi ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Síbẹ̀ Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, àkọ́bí wa tó ń gbé Èkó, òun ló mọ èyí tí Màmá máa wò. Ó ní ínṣì márùndínláàádọ́rin. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, pálọ̀ Màmá ò ju ibi tí èèyàn ti lè na ẹsẹ̀ lọ." Ó ní kí n lọ máa tún rédíò ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sinmi ná. Inú ń bí mi, tí inú bá ń bí mi ọ̀rọ̀ máa ń dàrú mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ̀yin ò lè mọ bó ṣe rí. Lónìí, ẹni mẹ́fà á wà nínú pálọ̀ kan, kálukú á doríkodò sórí fóònù tiẹ̀, èyí ń rẹ́rìn-ín, èyí ń ṣépè, ẹnìkan ò mọ ohun tẹ́nìkejì ń wò. Láyé ìgbà tiwa, tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe nǹkan tí èèyàn kan ń dá wò. Iṣẹ́ ni. Ẹnìkan á wà nídìí ẹ̀, ẹnìkan á wà lójú fèrèsé, ẹnìkan á wà lẹ́yìn ilé nídìí ọ̀pá ọparun tí wọ́n so éríà mọ́ lórí. Ẹni tó wà nínú ilé á pariwo, "Yí i sọ́nà Ìpẹ̀rú!" Ẹni ojú fèrèsé á gbà á, "Wọ́n ní ọ̀nà Ìpẹ̀rú!" Ẹni ẹ̀yìn ilé á yí ọparun, á dún gìn-ìn, gìn-ìn.

"Ó ti dáa! Ó ti dáa! Dúró bẹ́ẹ̀! Háà, o ti bà á jẹ́!"

"Èmi bà á jẹ́ kẹ̀? Ìwọ wá yí i!"

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Tójò bá ń rọ̀, ẹni tó wà nídìí ọparun á da báàfù borí, á dúró síbẹ̀ bí olú. Ìtàn eré tí wọ́n ń ṣe ńkọ́? Wọ́n á máa sọ ọ́ fún un láti ojú fèrèsé: "Ọkọ ẹ̀ ti dé o! Ó ti rí bàtà ọkùnrin yẹn lẹ́nu ọ̀nà!" Ẹni tó ń jẹ òjò á ní, "Yéè! Ó ti kú lónìí!" Àti ẹni tó rí i, àti ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún, gbogbo wa la jọ wò ó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Kó tó di pé a ní tiwa, ojú fèrèsé Ìyá Mútíù, ará ilé kejì, la ti ń wò ó. Tiwọn ò ju ínṣì mẹ́rìnlá lọ, dúdú àti funfun. Ìyá Mútíù ò burú, àmọ́ ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ. Á ní, "Ẹ̀yin ọmọ káfíńtà, èémí yín ti fẹ́ mú kí kọ́tìnnì mi rà o! Ẹ sọ fún bàbá yín kó lọ ra tiẹ̀, àbí kó fi pákó kan ọ̀kan fún yín." Gbogbo agbo ilé á wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Èmi á jù ú lókùúta ọ̀rọ̀, Màmá á nà mí. Inú ti ń bí mi láti kékeré, ẹ má dààmú.

Káfíńtà ni bàbá mi lóòótọ́. Káfíńtà kì í gégi láìwọ̀n ọ́n. Owó tó tó ra ínṣì mẹ́rìnlá ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ló ń dùn ún. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí Màmá mi. Ìpẹ̀rú ló ti wá bá wa gbé nígbà tí ọkọ ẹ̀ kú. Kì í jókòó sórí àga pálọ̀, ó ní àga yẹn ń gbé ìbàdí òun mì. Orí àpótí ló máa ń wà, lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ibi tó ti ń rin kókò fún ebiripo. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ebiripo nínú ọ̀rá, ẹ ò tíì jẹ ẹ́. Ìyá Àgbà á rin kókò sórí páànù tí wọ́n lu ihò sí, ṣẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀, á fi iyọ̀ àti ata sí i, á pọ́n ọn séwé. Ìró yẹn ló máa ń jí mi láàárọ̀. Bàbá mi wá ń sọ pé, "Àna mi ló máa jìnnà jù sí tábìlì tí mo fẹ́ gbé e lé. Tí mo bá ra nǹkan wálé tí àna mi ò rí i, kí ni mo rà?"

Ló bá gé páálí méjì. Ọ̀kan tóbi tó ínṣì mẹ́rìnlá, ìkejì tó mọ́kànlélógún. Ó fi èédú ya nǹkan sórí wọn. Ọjọ́ wo ló wá mú láti fi wọ̀n ọ́n? Ọjọ́ Orò! Ó ní ọjọ́ yẹn nìkan ni gbogbo obìnrin ilé máa wà ní pálọ̀, tí kálukú máa wà láàyè ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni, nítorí obìnrin ò gbọdọ̀ yọjú síta. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á fi aṣọ dí ihò tó bá ṣẹ́kù. Ọ̀sán gangan ni o, àmọ́ inú pálọ̀ á dúdú bí inú ìkòkò. A ó máa ṣẹ́ ẹ̀gúsí, àwọn àgbà á máa dirun fúnra wọn, ooru á máa mú, ẹni tó bá wú ikọ́ a ó ní kó rọra wú u. Tí Orò bá ké lókèèrè, gbogbo wa á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó máa gbọ́ èémí ara wa. Ọjọ́ yẹn máa ń dùn mọ́ mi. Ẹ má bi mí nídìí ẹ̀.

Bàbá mi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó gbé páálí kékeré sórí tábìlì, ó gbé àtùpà tì í. "Kí ni mo yà síbẹ̀?"

Màmá mi fojú kékeré wò ó. "Ó jọ ìkòkò."

Ẹlòmíì ní, "Rárá o, orí èèyàn ni."

"Kẹ́tùlù ni," bàbá mi wí. Ó dojú ẹ̀ dé. "Kò hàn. Àna mi, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Kò hàn sí èmi náà," Ìyá Àgbà wí.

Ó wá gbé páálí ńlá síbẹ̀. Ìdí àpótí Ìyá Àgbà ni mo jókòó sí, mo jókòó lé etí ìró ẹ̀. Mo bá rí i tó mú ìka ọwọ́ mi tó kéré jù, ó fún un. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ètè ẹ̀ ò mì: "Kí ni?" Mo ní, "Adìyẹ." Ló bá gbóhùn sókè: "Adìyẹ ni! Ó tiẹ̀ ti fẹ́ yé ẹyin!"

Ẹ̀rín sọ. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbọrọgidi nínú òkùnkùn yẹn, ó ní, "Ẹ ṣé o, àna mi. Ó parí. Mọ́kànlélógún la máa rà." Mọ́kànlélógún yẹn sì ju agbára ẹ̀ lọ. A ní láti dúró.

Ẹ wo àṣìṣe tá a ṣe. Káfíńtà tó mọ igi, ìyàwó tó gbọ́n, odidi ilé! Kò sẹ́ni tó rántí pé tẹlifíṣọ̀n á tan ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀. Páálí ò tànmọ́lẹ̀. Ínṣì mẹ́rìnlá ì bá ti hàn sí gbogbo wọn. Ojú tó dáa ò rí páálí kékeré nínú òkùnkùn, ni ojú tó ń kú bá rí ibi sá pamọ́ sí láàárín wọn. Èmi nìkan ló mọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo bi Ìyá Àgbà pé ṣé kò rí i ni. Ó dá ọwọ́ dúró lórí kókò tó ń rin.

"Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà," ó wí. "Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Wọ́n á gba páànù yìí. Wọ́n á gbé mi kalẹ̀ síbì kan bí ẹrù. Ìwọ ni ojú mi. Má sọ o."

Mi ò sọ. Inú mi tún ń dùn! Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ní òun lojú àgbàlagbà.

Ọdún méjì gbáko la fi dúró. Ìyá Mútíù á rí bàbá mi lọ́nà, á ní, "Bàbá Káyọ̀dé, páálí yín ò tíì gba iná ni?" Bàbá mi á fara balẹ̀ dá a lóhùn pé ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin ará, ó ń bàjẹ́! Ìgò kì í bàjẹ́, pákó kì í bàjẹ́, àmọ́ ojú èèyàn ń bàjẹ́ nígbà tí a bá ń fẹ̀sọ̀ mú un. Nínú ọdún méjì yẹn, Ìyá Àgbà fi páànù bó ìka ara ẹ̀ títí. Á ní àìsùn ló fà á. Èmi ni mò ń nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára kókò.

Ọjọ́ tó dé! Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e dé iwájú ilé, àwọn ará agbo ilé ń pariwo pé a máa wẹ̀ ẹ́ o, a máa wẹ̀ ẹ́, bí ẹni ra mọ́tò. Tá a bá tàn án, á dún gbìn-ín. Tó o bá sún ọwọ́ mọ́ gíláàsì ẹ̀, irun ọwọ́ ẹ á dìde, á máa ta ṣáṣá. Èyí ni mo gbádùn jù lára ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ti ìsinsìnyí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí bébà, ó ti kú kó tó dé ọwọ́ mi, kò ṣeé tún ṣe. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tá a bá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ẹnikẹ́ni ò ṣàkíyèsí àfi èmi.

Kò pé oṣù kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, à ń wo eré, atẹ́gùn kan bá fẹ́ sí éríà. Àwòrán lọ. Ó di funfun wúruwùru, ó ń jó bí ìgbà tí ikán bá ya. Ohùn nìkan ló kù, ó ṣì ń sọ eré lọ. Gbogbo ilé pariwo, "Háà! Ó ti lọ! Ẹ lọ sídìí ọparun!" Ariwo gba ilé kan. Ìyá Àgbà bá ń bínú láti ẹnu ilẹ̀kùn.

"Kí ló ń ṣe yín? Ẹ dákẹ́ jàre, ẹ jẹ́ ká máa wò ó!"

Ó sì ń tẹjú mọ́ ọn. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Bàbá mi yí orí padà. Mi ò gbàgbé bó ṣe yí orí padà. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo àna ẹ̀. Ó lọ dúró níwájú ẹ̀, ó na ìka méjì sí i lójú. Ìyá Àgbà ń wo inú àyà ẹ̀ lọ bí ẹni wo ọ̀nà. Màmá mi ló ké. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, dókítà ní tí wọ́n bá ti gbé e wá lọ́dún méjì sẹ́yìn ni, òun ì bá rí nǹkan dì mú. Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ yìí, pálọ̀ tí mo wà yìí, ó fọwọ́ lérí, ó ní, "Ẹni tó bá mọ̀ nínú ilé yìí tí kò sọ, Ọlọ́run máa bi í."

Mo gbọ́ ọ. Mo gbé e mì. Bàbá mi kú láìmọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Tẹlifíṣọ̀n Màmá ti kú láti ìgbà òjò. Èmi fúnra mi yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní kò ṣeé tún ṣe. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ní ká dúró di Kérésì, òun máa gbé márùndínláàádọ́rin òun wálé, gbogbo Mákun máa mọ̀ pé ìyá òun lọ́mọ. Mo ní Màmá ò sọ pé òun fẹ́ kí Mákun mọ nǹkan kan. Ní ti Màmá, ohun tó kàn ń sọ ni pé, "Ẹ má ṣèyọnu, mò ń gbọ́ rédíò." Ó yẹ kí n ti gbọ́ nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọjọ́ Ajé yẹn, Bọ̀ọ̀dá pè wá lórí fóònù, èyí tá a ti lè rí ojú ara wa. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ìyàwó ẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ wà níbẹ̀. Ó yí fóònù sí ara ògiri. "Màmá, ẹ wò wọ́n! Méjì ni wọ́n gbé kọ́ yẹn. Èwo lẹ fẹ́?"

Ẹ̀gbẹ́ Màmá ni mo jókòó sí, èmi ni mo di fóònù mú. Màmá na ọwọ́ wálẹ̀ lábẹ́ ìró. Ó mú ìka ọwọ́ mi tó kéré jù. Ó fún un.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹnu mi ló ṣáájú mi. Kí n tó ronú, mo ti sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Èyí tó wà lápá òsì ló tóbi."

"Tapá òsì yẹn wù mí," Màmá wí. Ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. "Ó mà dán o, Káyọ̀dé!"

Nǹkan kan já nínú mi. Mi ò gbèrò ẹ̀. Mo kàn gbọ́ ohùn ara mi tó ń pariwo: "Irọ́ ni! Kò rí i! Bọ̀ọ̀dá, Màmá ò rí nǹkan kan! Èmi ni mo sọ fún un!"

Màmá fi ìka mi sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó.

"Ìwọ," ó wí. "O tú mi sí ìhòòhò lójú ọmọ mi àti ìyàwó ọmọ mi."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ nínú pálọ̀ yìí pé ẹni tó bá mọ̀ tí kò sọ..."

"Pa ẹnu ẹ dé!"

Mi ò pa á dé. Mo sọ gbogbo ẹ̀, páálí, adìyẹ, ìka. Ọgbọ̀n ọdún tó ti wà níkùn mi, mo dà á sílẹ̀ níwájú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Màmá kàn ń mi orí. Kò bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ nígbà yẹn. Ó sàn kó bi mí.

A ti gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ojú ọ̀tún ti lọ. Tòsì kù díẹ̀, ó ń rí ohun tó bá wà níwájú ẹ̀ tààrà, tó sún mọ́ ọn. Dókítà ní tó bá ń kán oògùn sí i lójoojúmọ́, díẹ̀ yẹn lè má lọ. Ó ní àrùn náà máa ń rìn nínú ẹbí, kí àwa ọmọ náà wá yẹ ojú wò. Ẹ gbọ́ yẹn? Ẹ lọ o!

Àmọ́ ohun tí Màmá ń bẹ̀rù náà ló ṣẹlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní kò sí tẹlifíṣọ̀n mọ́, pé kí lojú báyẹn fẹ́ wò. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá gbé e lọ Èkó, sí ilé alájà mẹ́ta, níbi tí kò ti mọ ẹnìkan, tí kò ní mọ ibi tí ọ̀bẹ wà. Ẹbí ní èmi ni mo fà á. Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá. Tí mo bá kán oògùn sí i lójú, á ṣíjú, á dijú, á kọ ẹ̀yìn sí mi.

Lánàá mo gbé ínṣì mẹ́rìnlélógún kan láti ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò dúró de Kérésì, mi ò wọn ògiri. Mo gbé àpótí Ìyá Àgbà síwájú àga Màmá, mo gbé e lé e, mo tàn án. Wọ́n ń ṣe eré kan níbẹ̀, obìnrin kan ń bá ọkọ ẹ̀ jà. Màmá na ọwọ́, ó fi ìka tọ etí tẹlifíṣọ̀n náà láti igun dé igun, bí bàbá mi ṣe máa ń tọ etí pákó.

"Ó kéré," ó wí.

Ọjọ́ mọ́kànlá, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ní, "Sún un mọ́ mi sí i."

Mo sún un títí ó fi kan orúnkún ẹ̀. Ó tẹ orí síwájú, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ bọ́ sójú ẹ̀. Ó ní, "Obìnrin yẹn, aṣọ pupa ló wọ̀." Pupa ni lóòótọ́. Mi ò sọ fún un.

Sátidé ṣì ń bọ̀. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ò tíì yí ohùn padà, Màmá ò sì tíì dárí jì mí. Lẹ́yìn aṣọ pupa yẹn, kò tún bá mi sọ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ní mo pariwo jù, ẹ wá jókòó síbi tí mo jókòó sí, kí ìyá yín mú ìka yín lábẹ́ ìró, kó fún un. Ẹ wá sọ fún mi: ṣé ẹ máa dákẹ́?